Kí Akute Lè Dára fún Òwò, Kí Ó sì Dára fún Òṣìṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)

A kò ní pẹ́ jù, kí oorun má baà gbé yín lọ lórí àga.

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àdúgbò tí púpọ̀ nínú wa ń gbé, tàbí tí a ń gbèrò láti kọ́lé sí: Akute, Alágbọlé, Ajuwọn, Lámbẹ, títí dé Ibafo àti Mowe. Kò sí bí ènìyàn yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Berger kí ó má rí pátákó, tàbí ọmọkùnrin kan tí yóò na ìwé péńpé sí i: ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí Ìkẹjà. Ẹni tí ó kọ “ìṣẹ́jú díẹ̀” yẹn kò tíì dúró ní gáréèjì Berger ní agogo méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì rí. Ìjọba náà ń pe àwọn olówó kí wọ́n wá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀bá Èkó. A kò lòdì sí i. Bí ọjà bá dára, kí a sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń polówó ìlú kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, nítorí náà ni a ṣe ní kí àwa náà sọ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ rere rẹ̀. Ní 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, tí Abẹ́òkúta di olú-ìlú rẹ̀. Ní 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó la Ibafo àti Mowe kọjá. Iṣẹ́ oko ni a mọ ìhà ibẹ̀ sí tẹ́lẹ̀; ìrẹsì Ọ̀fàdà tí gbogbo wa ń jẹ lóde ìnáwó, ìlú Ọ̀fàdà tí kò jìnnà sí Mowe ni ó fún un lórúkọ. Ní ìhà Ìfọ̀, ojú irin ti wà níbẹ̀ láti ayé òyìnbó. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì pọ̀ ní Ẹwékorò, ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1960. Ilé-iṣẹ́ kì í tìtorí oríkì wá sí ìlú. Ibi tí ohun èlò bá wà, tí ọ̀nà wà, tí omi àti iná wà, tí òṣìṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni ó ń lọ.

Ti òṣìṣẹ́ kò ṣòro ní ọ̀dọ̀ tiwa. Àwa gan-an ni a kọ́ Akute. Ìjọba kọ́ ni ó pín ilé fún wa. Owó àjọ ni, owó ófátáìmù ni, owó kọpuratífù ni. Ènìyàn yóò ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, yóò fi ọdún kan ṣe ìpìlẹ̀, yóò fi òmíràn mọ ògiri dé ibi wíńdò, lẹ́yìn náà onílé rẹ̀ ní Èkó yóò fi owó ilé kún owó ilé, ni òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò bá kó wọ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, tí wọ́n fi páànù dí ojú wíńdò. Bí àdúgbò náà ṣe gbèrú nìyẹn. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwa ti wọ ibẹ̀ ni ilé epo dé, tí báńkì dé, tí ilé-ìwé aládàáni dé. Bí wọ́n bá ń ka àwọn olùdókòòwò, kí wọ́n ka ẹni tí ó fi ogún ọdún mọ ilé yàrá mẹ́ta mọ́ wọn.

Ǹjẹ́ èló ni gbígbé níbẹ̀ ń ná wa? Ìdí ọ̀rọ̀ nìyí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti gba ọ̀nà ọ̀run. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣírò. Kí á ní ẹnì kan ń san 2,000 náírà ní àlọ àti àbọ̀ lójúmọ́. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, 44,000 náírà ni. Bí ó bá ń lọ ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú, tí ó di ọjọ́ 26, ó di 52,000. Ní 2024, owó-oṣù tí ó kéré jùlọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó kéde fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 85,000 náírà. Ti Ògùn jẹ́ 77,000. Ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 70,000. Ẹ yọ owó ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹ wo ohun tí ó kù fún gàrí, owó ilé-ìwé àti oògùn. Owó tí a rò pé a jèrè lórí ilé, mọ́tò ti gbé e lọ. A kò tíì ka oorun tí a pàdánù: ẹni tí ó gbọdọ̀ dé ẹnu géètì ní agogo méje, agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni ó ti wà lójú ọ̀nà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1915, ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan tí ń jẹ́ Metropolitan ń tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Metro-land, wọ́n fi ń polówó àwọn àdúgbò ẹ̀yìn ìlú pé kí àwọn ènìyàn wá gbé ibẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé rélùwéè ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó máa pe ènìyàn. Ní tiwa, ilé ni ó ṣáájú. Rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021 gba Agége àti Agbádò lọ sí Abẹ́òkúta. Kò gba Ibafo, kò gba Mowe. Ní oṣù kejì 2024, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Red Line, láti Agbádò dé Òyìngbò, ó sì ń dúró ní Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin àti Yaba. Ẹ wò ó dáadáa: Agbádò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Ìjú kò sì jìnnà sí Ajuwọn. Ohun tí ó kù ni ọ̀nà tí ó dán àti bọ́ọ̀sì tí yóò máa kó èrò láti Akute àti Lámbẹ lọ bá rélùwéè náà ní àkókò tí ó bá ti iṣẹ́ mu. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń kùn pé rélùwéè yóò gba oúnjẹ lẹ́nu yín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rélùwéè kò lè wọ inú àdúgbò. Ẹ̀yin ni ẹ óo gbé èrò dé ẹnu rẹ̀, ìrìn kúkúrú mẹ́wàá sì sàn fún ẹ́ńjìnnì yín ju ìrìn gígùn méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ omi pa ni lẹ́rìn-ín. Láti inú odò Ògùn ní Akute ni wọ́n ti ń fa omi lọ sí ilé-iṣẹ́ omi Ìjú àti Adiyan, láti pèsè omi fún Èkó. Ní 2010 wọ́n tilẹ̀ parí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tí ń lo gáàsì ní Akute, agbára rẹ̀ lé ní mẹ́gáwáàtì 12, kí ẹ̀rọ omi náà má baà dákẹ́. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ onílé ní Akute ń gbẹ́ kànga tirẹ̀, tí ó ń ra jẹnẹrétọ̀ láti fa omi òun nìkan. A kò ní kí Èkó má mu omi. Àwọn ará wa ni wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí a já páìpù díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí odò ń ṣàn kọjá lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Odò yìí kan náà sì máa ń kún. Ìsédò Òyán, tí wọ́n ṣí ní 1983, wà ní òkè rẹ̀. Ní 2010 tí wọ́n tú omi rẹ̀ sílẹ̀, ilé rì, àwọn ènìyàn sì sá. Nítorí náà, bí ẹ́jẹ́ńtì bá mú yín lọ wo ilẹ̀ létí odò ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ní kí ó mú yín padà lọ ní oṣù kẹwàá.

Ní ti ìwé ilẹ̀, a ti sọ ọ́ tó. Láti 1978 ni òfin ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìwé ẹbí nìkan kò tó. Kí súfèyọ̀ yẹ ilẹ̀ náà wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ògùn ní òfin, láti 2016, tí ó dojú kọ àwọn tí ń fi ipá gba ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá dà láàmú kí ó mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí ó má ṣe dá nìkan lọ bá wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó-orí, òun ni ó sì ní agbára jùlọ. Òfin sọ pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni ó ni owó-orí rẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ wà. Ẹni tí ń gbé Akute tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, Ògùn ni owó-orí rẹ̀ yẹ kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ìwé iléeṣẹ́ bá ṣì gbé àdírẹ́sì ilé tí a ti kó kúrò ní Mushin ní ọjọ́ pípẹ́, Èkó ni owó náà ń bá lọ. Báwo ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ tàbí Ọbáfẹ́mi-Òwódé yóò ṣe mọ iye wa, nígbà tí orúkọ wa kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni ní ìhà ibẹ̀? Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá yí àdírẹ́sì, owó tí wọ́n ń yọ yóò pọ̀ sí i. Òfin kan náà ni ó de ìpínlẹ̀ méjèèjì. Iye tí wọ́n ń yọ kò ní yí padà nítorí àdírẹ́sì. Gómìnà Èkó àti ti Ògùn ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 2021 pé àwọn yóò jọ tún ààlà wọn ṣe. Àwa tí a ń sùn ní apá kan tí a ń ṣiṣẹ́ ní apá kejì ni ààlà náà.

Kọ́mítí yóò gbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì Agbádò àti Ìjú, ojú ọ̀nà, àti páìpù omi lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì. Wọn kò ní gbọ́ tiwa bí a bá lọ lọ́wọ́ òfo. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ń gbé láti Alágbọlé dé Mowe mú ìwé owó-oṣù rẹ̀ tí ó gbà kẹ́yìn àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ wá fún akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Àwọn tí iléeṣẹ́ wọn ń yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó wọn fún owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, kí wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, kí wọ́n sì mú òun náà dání. Akọ̀wé yóò wà ní ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìyípadà ṣífútì.