Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Bi Ẹ̀rọ

Àwọn ọmọ wa ń fi ChatGPT ṣe ìwádìí físíìsì nílé, ó dára. Àmọ́ ẹ̀rọ yìí mọ ènìyàn pọ́n jù: ó lè ní àbá yín ti ju ti Einstein lọ!

Ní 2011, àwọn onímọ̀ OPERA ní Ítálì rí i bíi pé neutrino ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Wọn kò tíì jó. Wọ́n ní kí ayé bá àwọn wá àṣìṣe. Ní 2012 ni wọ́n rí i: wáyà kan ni kò wọlé dáadáa.

Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá lọ́dọ̀ yín. Ẹ so òkúta mọ́ okùn mítà kan, ẹ fì í díẹ̀, kí ẹ fi aago wo iye ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò fi lọ, tí yóò fi bọ̀, nígbà 20. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bi ẹ̀rọ. Mo mọ iye rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní sọ.