Ẹ Jẹ Oúnjẹ Onílé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan gbogbo ẹni tí ó bá ní ìrìn àjò lọ́kàn, ìbáà ṣe awakọ̀ tí ń kó ẹrù àwọn ilé-iṣẹ́ wa kọjá Sẹ̀mẹ̀, ìbáà sì ṣe ìyá oníṣòwò tí ń ná ọjà Kùtọnù. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: bí ẹ bá dé ìlú onílùú, ẹ jẹ oúnjẹ onílé.

Àdéhùn tí ECOWAS ṣe ní ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà wa bá ti pé. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi àpò gààrí rin ìrìn àjò, tí kì í fi ẹnu kan ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dé Lomé ní ilẹ̀ Tógò, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ilé ìyá rẹ̀. Wọ́n ní fùfú ni ìyá sè de àlejò. Nítorí pé òórùn fùfú kò bá mi lára mu, mo dúpẹ́, mo ní mo ti yó. Ìyá àgbà náà kò fọhùn. Ó rọra gbé àwo rẹ̀ kúrò níwájú mi. Ebi ni mo fi sùn.

Ní ọjọ́ kejì, ìró odó ni ó pè mí jáde. Mo rí ìyá náà tí ó ń gún iṣu. Mo bi ọ̀rẹ́ mi léèrè ohun tí ìyá ń ṣe. Ó ní, “Fùfú tí o kọ̀ lánàá nìyẹn.” Àṣé iyán ni àwọn ará Tógò ń pè ní fùfú! Èmi tí mo máa ń sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, èmi ni mo kọ iyán. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ ìyá náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bu iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀pà fún mi. Ebi òru yẹn kò dùn mí tó pé àgbàlagbà ṣe làálàá nítorí mi, tí mo sì jẹ́ kí ó rò pé ọwọ́ òun ni mo kọ̀.

Nítorí náà, kí a tó kọ oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí a fi ṣe é. Ní ilẹ̀ Gánà, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gún pọ̀ ṣe fùfú. Àkàsà tí ẹ ó bá ní Àjàṣẹ́, ìbátan ẹ̀kọ wa ni. Ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, àkàrà tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú mú dé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní acarajé. Ní ọdún 2005, ìjọba ibẹ̀ kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe é sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn.

Àwa náà ti jẹ nínú oúnjẹ àlejò. Amos Shackleford, ọmọ Jamaica tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, wà lára àwọn tí ó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ tẹrú-tọmọ ní Èkó. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ pàápàá, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá.

Èmi kò ní kí ẹ má ṣọ́ra. Ẹ jẹ èyí tí ó gbóná, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ mu omi tí a sè. Ẹni tí ẹ̀pà tàbí edé kò bá lára mu, kí ó sọ ọ́ fún onílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re, kí ẹ sì jẹun níbi tí ẹ bá dé.