JỌ́NÀ Ọ̀FẸ́ TÍ Ó YẸ ILÉ-ÌKÀWÉ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Narayi)



Àwọn ọmọ wa ń kàwé ní Kaduna Polytechnic àti ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Jọ́nà, ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń kéde ìwádìí wọn, kò ṣeé máa nì fún wọn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kan fi kéde ní 2002, lẹ́yìn ìpàdé wọn ní Budapest, pé kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ di ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa kì í da ẹ̀wà sórí iná láìṣa òkúta inú rẹ̀. Ní 2013, akọ̀ròyìn kan, John Bohannon, fi ayédèrú ìwádìí nípa oògùn jẹjẹrẹ ránṣẹ́ sí jọ́nà ọ̀fẹ́ 304. Àṣìṣe inú rẹ̀ hàn gbangba, síbẹ̀ 157 gbà á! Bí ọmọ wa bá fi irú èyí kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ńkọ́?

Nítorí náà, kí olùtọ́jú ilé-ìkàwé kọ́kọ́ béèrè: Ta ni olóòtú? Àwọn wo ni ó ń yẹ iṣẹ́ wò kí ó tó jáde? Èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, wọ́n ha sọ ọ́ ní gbangba? Kí ó wò ó nínú DOAJ, àkójọ tí Yunifásítì Lund ní Sweden dá sílẹ̀ ní 2003. Kí ó má sì gbàgbé AJOL, tí ó ti ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ láti 1998, bí gbogbo wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín lálẹ́ òní: ta ni ó yẹ ìwé tí o ń kà wò?