Odi Wa àti Etíkun Aládùúgbò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìpàdé Gbogbogbòò Ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa

 

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Alákòóso tí ó pè mí láti sọ̀rọ̀ lónìí. Nígbà tí Akọ̀wé kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa òkun, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀, nítorí ta ni í máa kọ́ ọmọ apẹja ní ìtàn òkun? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á nínú ìwé náà pé ìlú ti ń múra láti dá owó jọ fún odi òkúta mẹ́ta, tí yóò yọ wọ inú òkun bí ìka ọwọ́ níwájú ilé wa, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n kọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣòwò ní Lómè kí n tó padà wálé. Ojú mi ni ó rí ohun tí odi òkúta lè ṣe, ire rẹ̀ àti ibi rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò wá sọ pé kí a káwọ́ gbera kí òkun máa kó wa lọ. Ní àkókò ìgbì ńlá èṣí, omi wọ inú itẹ́ òkú àwọn baba wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Libreville rí i nínú àwòrán. Àwa tí a wà nílé ni a fi ọwọ́ ṣa egungun. Ẹni tí ó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé kí a má ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá kọ́ odi náà láìbá àwọn ìlú tí ó wà ní ìlà-oòrùn wa sọ ọ́, a kò lé òkun lọ. Ọ̀nà ilé wọn ni a fi hàn án.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní gbogbo etíkun yìí, láti ilẹ̀ Gánà títí dé ọ̀dọ̀ wa, ìgbì kì í kọlu ilẹ̀ ní tààrà. Gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn ni ó ti ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ó fi ń gbá ilẹ̀, bí ó sì ti ń gbá a ni ó ń kó yanrìn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ní ọ̀sán àti ní òru. Yanrìn tí a tẹ̀ wá sí ìpàdé yìí kì í ṣe tiwa, àlejò ni. Ó ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn wá, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà ní ìlà-oòrùn ni ó sì ń lọ. Níwọ̀n ìgbà tí èyí tí ń bọ̀ bá ń rọ́pò èyí tí ń lọ, etíkun yóò dúró ní ààyè rẹ̀. Bí ẹnì kan bá dá àlejò náà dúró lọ́nà, ìgbì kò ní dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí èyí. Yóò gba ilẹ̀ onílẹ̀ ní ipò yanrìn tí kò rí gbé.

Odò ńlá ni ó ń kó púpọ̀ nínú yanrìn náà wá fún òkun. Ní ilẹ̀ Gánà, odò Volta ni olórí wọn. Ní 1965 ni wọ́n parí ìsédò Akosombo lórí rẹ̀, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ yanrìn ti ń sùn sí ẹ̀yìn ògiri ìsédò tí kò dé òkun mọ́. Òkun ti ń jẹ ìlú Keta tẹ́lẹ̀, èyí sì tún dá kún un, títí ìjọba Gánà fi ṣe iṣẹ́ ńlá sí etíkun ibẹ̀, tí wọ́n parí ní 2004. Ẹ̀yin àgbà mọ àwọn ará Keta dáadáa. Àwọn ni wọ́n máa ń wá fa àwọ̀n ńlá ní etíkun wa, tí a bá wọn jẹ, tí a bá wọn mu, tí àwọn mìíràn nínú wa sì fẹ́ ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n kí a tó dá ará Gánà lẹ́bi, ẹ gbọ́ èyí. Iná mànàmáná tí ìsédò náà ń pèsè kò mọ sí Gánà nìkan. Láti 1972 ni ó ti ń dé Tógò àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí a ń pè ní Dàhómì nígbà náà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń ka ìwé owó mi ní Lómè. Ohun kan náà tí ó gba yanrìn lọ́wọ́ aládùúgbò ni ó fún aládùúgbò ní iná. N kò rí ẹni tí ó lè jókòó sí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kí ó yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lómè fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ní 1968 ni wọ́n ṣí èbúté ńlá wọn, odi òkúta rẹ̀ sì yọ wọ inú òkun ju kìlómítà kan lọ. Ní ìwọ̀-oòrùn odi náà, yanrìn gun orí yanrìn, ilẹ̀ ń gbòòrò. Ní ìlà-oòrùn, ẹ̀rù bani. Mo mọ ibi tí ọ̀nà àtijọ́ tí ó lọ sí Aného ti já sínú omi bí ìgbà tí ènìyàn bu búrẹ́dì jẹ. Wọ́n ní láti gbé ọ̀nà sún sí inú ilẹ̀. Mo mọ bàbá kan tí ó ń fi ọ̀pá júwe inú òkun fún mi pé, “Ibẹ̀ yẹn ni yàrá ìyá mi wà.” Nígbà tí ó yá, wọ́n to òkúta sí Aného láti gbà á là. Aného rí ìsinmi díẹ̀, òkun sì kọjú sí àwọn tí ó wà níwájú, sí ẹnu ààlà Bẹ̀nẹ̀. Kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Kútọnù pẹ̀lú, èbúté tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 mú kí ilé púpọ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ bọ́ sínú omi.

Èkó ti ṣe é ṣáájú gbogbo wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1908 ni ìjọba àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sí ẹnu ọ̀sà kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Yanrìn tí ó ti etíkun Bẹ̀nẹ̀ àti Àgbádárìgì wá dúró sí ẹ̀yìn odi náà. Bar Beach tí ó wà ní òdì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn. Ní àwọn ibì kan, ilẹ̀ tí ó lọ ju kìlómítà kan kí àwọn ọdún 1950 tó parí. Àwa tí a wà níwájú Bar Beach kò ní láti lọ jìnnà kí a tó mọ ìdí tí ebi yanrìn fi ń pa wá.

Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, n kò mọ ẹni tí ó ṣe é láti pa aládùúgbò lára. Olúkúlùkù ń tún ilé ara rẹ̀ ṣe ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń múra láti ṣe.

Àwọn orílẹ̀-èdè wa ti rí èyí tipẹ́. Ní oṣù Ẹẹ́ta 1981, wọ́n péjọ sí Abidjan, wọ́n sì ṣe àdéhùn lórí ààbò òkun àti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Ní 1984 ni àdéhùn náà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó nasẹ̀ láti Mauritania títí dé Gúúsù Áfíríkà lónìí, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì àti egbin: pé bí epo bá dà sínú omi ní ọ̀dọ̀ ẹnì kan, kí ó tètè ké sí àwọn yòókù, kí wọ́n sì jọ pa á mọ́. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo abala kẹwàá rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ gbà pé àwọn yóò dènà kí ilẹ̀ etíkun má ṣe wó nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, bí ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ òkun àti ohun tí a kọ́ sí etí omi. Odi wa gan-an ni wọ́n ń sọ. Àdéhùn kan náà ní kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe sí òkun kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Èmi kò ní tan yín pé ìwé àdéhùn ń ṣọ́ òkun. Ní 1988, àṣírí tú pé àwọn oníṣòwò ti kó egbin olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá sí Kókó, ní ibi tí í ṣe Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe àdéhùn mìíràn ní Bamako ní 1991, láti fi òfin de kíkó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé. Síbẹ̀, ní 2006, egbin tí ọkọ̀ Probo Koala gbé wá ni wọ́n dà káàkiri Abidjan, ìlú tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn òkun gan-an. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í sì san owó tí wọ́n jẹ iléeṣẹ́ àdéhùn náà lásìkò. Àwa tí a máa ń jẹ Ẹgbẹ́ yìí ní owó oṣù kò ní ẹnu láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí ó fún mi ní ìrètí ni iṣẹ́ tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ dì mọ́ra ṣe. Lábẹ́ ètò etíkun tí Báńkì Àgbáyé ràn wọ́n lọ́wọ́ lé lórí láti 2018, wọn kò gé iṣẹ́ náà sí méjì ní ààlà mọ́. Láti Agbodrafo ní Tógò títí dé Grand-Popo ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n kà á sí etíkun kan ṣoṣo: òkúta níbi tí òkúta yẹ, yanrìn tí wọ́n bù sí i kí ẹni tí ó wà níwájú má baà ṣòfò. Ọ̀kan ń sọ èdè Faransé, èkejì ń sọ èdè Faransé, òótọ́ ni, èyí rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àwa àti àwọn ìlú tí ó wà níwájú wa ń sọ Yorùbá kan náà, a kò sì tíì jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí yóò bí àwọn kan nínú. Àwa fúnra wa ń ta yanrìn. Ọkọ̀ akóyanrìn ń wọlé lóru, ẹnì kan ń gba owó, gbogbo wa sì ń ṣe bí ẹni tí ó ti sùn. Ní Tógò, ìjọba ti fi òfin de wíwa yanrìn etíkun. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ odi, tí a sì fi ọwọ́ òsì ta ohun tí odi náà yẹ kó pa mọ́, kí ni a fẹ́ sọ fún ẹni tí ó bá dá owó sílẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù?

Nítorí náà mo bẹ ilé yìí pé kí a dá owó náà, ṣùgbọ́n kí a má tíì gbé òkúta kan sọ sínú omi. Kí apá kan nínú owó náà kọ́kọ́ lọ fún ìwádìí tí òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1992 là sílẹ̀, kí àwọn onímọ̀ sọ bí yanrìn yóò ṣe máa rí ọ̀nà kọjá, àti iye tí a ó máa bù fún ẹni tí ó wà níwájú. Kí ẹ̀ka Ẹgbẹ́ wa ní Lómè àti ní Kútọnù wá àwọn tí ó bójú tó iṣẹ́ ti Agbodrafo rí, kí wọ́n béèrè ohun tí ó dára níbẹ̀ àti ohun tí kò dára. Láti òní, kí ọkọ̀ akóyanrìn má ṣe wọ ìlú mọ́.

Mo ti kọ ìwé ìkésíni sí àwọn ọba ìlú méjèèjì tí ó wà ní ìlà-oòrùn wa. Ó wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ọwọ́ Kábíyèsí nìkan ni ó kù lórí rẹ̀. Bí ilé bá gbà, kí ó lọ kí ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ tó pé, nítorí ìgbì ńlá kò ní pẹ́ dé mọ́.