Kọ̀ǹpútà Inú Àpótí Aṣọ



Ní 1976, ní Amẹ́ríkà, Steve Wozniak àti Steve Jobs ta kọ̀ǹpútà Apple I láìní àpótí. Àwọn tí ó rà á ni ó ń wá ilé fún un.

Owó wa kò tó ra odidi fún àwọn ọmọ wa. A to ẹ̀yà rẹ̀ sínú àpótí aṣọ tí ìyá kan gbé wá sí Òkè Ọya. Nítorí eruku ọyẹ́, a dí i pa. Ooru mú un, ó kú. A wá lu ihò sí i, a fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ti ìsàlẹ̀, fáànù sì ń lé ooru gba òkè. Ó jí.

Ẹ rán àwọn ọmọ wá. Àìlówó aṣọ tuntun kò ní kí á rìn níhòòhò.