Ẹnu Ọmọ ni Ẹ̀kọ́ Orin ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí bí ó ṣe yẹ kí á máa kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní orin, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọmọ Yorùbá ti ní orin létí àti lẹ́nu kí ó tó wọ kíláàsì, ibẹ̀ gan-an sì ni ó yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí nǹkan ṣe rí báyìí

Nínú kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, wọ́n pa orin pọ̀ mọ́ àwòrán yíyà àti eré oníṣe nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cultural and Creative Arts. Olùkọ́ tó bá mọ àwòrán á fi gbogbo táàmù ya àwòrán. Bí ó bá tilẹ̀ kan orin, ohun tí mo sábà ń bá ni pé olùkọ́ kọ ìtumọ̀ orin sójú pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ń dà á kọ. Aago á lù, ẹnikẹ́ni kò ní tíì la ẹnu kọrin. Bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ yìí kan náà bá jáde fún ìsinmi ráńpẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ten-ten. Wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa fẹsẹ̀ lulẹ̀, ẹnì kan á dá orin, àwọn yòókù á gbè é, ẹsẹ̀ kan kò sì ní yẹ̀. Àwa olùkọ́ kì í bojú wo ìta yẹn.

Dò, re, mí

John Curwen, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé láti 1816 sí 1880, ni ó tan tonic sol-fa kálẹ̀ kí ẹni tí kò lè ka ìwé orin lè máa fi lẹ́tà kọrin. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ẹgbẹ́ akọrin sì ń lò ó dòní. Zoltán Kodály, olórin kan ní Hungary, mú àmì ọwọ́ tí Curwen ń lò fún ìró kọ̀ọ̀kan, ó so ó mọ́ orin ìbílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń lọ gbà sílẹ̀ ní àwọn abúlé láti 1905. Ìlànà rẹ̀ ni pé orin èdè abínibí ọmọ ni kí ọmọ kọ́kọ́ kọ. Ní 1950, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kecskemét, ìlú tí wọ́n ti bí i, níbi tí orin kíkọ ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Àwa náà ń lo dò, re, mí láti kọ́ ọmọ ní àmì ohùn. Olùkọ́ Yorùbá a máa parí rẹ̀ síbẹ̀, olùkọ́ orin kì í sì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré kan tí mo máa ń bá àwọn ọmọ kíláàsì kejì ṣe. Màá pa ẹnu mọ́, màá kùn ún nímú: dò-dò-mí. Màá ní kí ẹni tí mo pè dìde. Àjàní á dìde. Àdùkẹ́ á dìde. Àlàbí náà á fò sókè, wọ́n á wá máa bá ara wọn jiyàn. Màá bi wọ́n pé báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí mò ń pè. Kì í pẹ́ tí ọmọ kan á fi ní kí n fi orúkọ bàbá kún un. Tí mo bá kùn ún báyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dìde. Ohun tí onílù ń ṣe nìyẹn. Gángan kì í dá ọ̀rọ̀ kan sọ kó dákẹ́. Odidi gbólóhùn ni ó ń sọ, kí etí lè dá a mọ̀. Ọmọ náà ti kọ́ ìró òkè àti ìró ìsàlẹ̀, ó sì ti mọ ìdí tí ìlù fi ń fọhùn.

Ṣùgbọ́n dò inú ọ̀rọ̀ kì í ṣe dò inú orin tààrà. Nínú ọ̀rọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ kàn relẹ̀ ju ti àárín lọ ni; nínú orin, ìwọ̀n tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ dúró lójú kan. Àlọ́ ni afárá tí olùkọ́ lè gbà kọjá, nítorí inú àlọ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń di orin, tí orin sì tún ń padà di ọ̀rọ̀.

Orin wo ni kí á yàn?

Ekundayo Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún darí orin ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, tẹ ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá. Ó ṣàlàyé bí ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ ṣe so pọ̀ mọ́ra. Tí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ ohùn orin òyìnbó láìwo àmì ohùn, ọ̀rọ̀ á dàrú lẹ́nu akọrin. Ọ̀dọ̀ Phillips yìí ni Fela Sowande ti ń kọrin ní kékeré, kí ó tó di olórin tí ayé mọ̀.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan inú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ náà ni orin yóò rí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ tí etí rẹ̀ já sí orin ilé kò ní pẹ́ mọ ìwé orin kà tó bá dé kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún.

Bí a ó ṣe kọ́ wọn

Ní ìdílé Àyàn, omele ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé fún ọmọ, kí ó lè mọ bí a ṣe ń di ìlù kan ṣoṣo mú láìyẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan ìyáàlù. Kíláàsì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ìdajì àwọn ọmọ máa pàtẹ́wọ́ kan náà, kí ìdajì máa fi ẹnu pe ìró agogo, kí wọ́n sì pààrọ̀ ara wọn. Kí olùkọ́ ṣọ́ra fún ọ̀fun ọmọ. Olùkọ́ ọkùnrin tó bá dá orin ní ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀ á sọ orin di ariwo, nítorí ọmọ kò lè dé ibẹ̀. Kí ó gbé e sókè.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ìlù á fa ọmọ wọn lọ sí ìdí òrìṣà. N kò fọwọ́ rọ́ ìbẹ̀rù wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n gángan ń dún níbi ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wéré ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú Ràmàdán, inú wéré náà ni fújì ti jáde. Ọ̀rọ̀ inú orin ni kí òbí àti olùkọ́ jọ yẹ̀ wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí kò bá lè dá orin fún ọmọdé. Ẹ pe onílù àdúgbò wá sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un bí olùkọ́. Ẹ fún orin ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́, kí ó má ṣe jẹ́ ọjọ́ òpin táàmù nìkan ni ọmọ ń kọrin. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de dùùrù. Agogo kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan àti ọwọ́ ọmọ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Lọ́la, tí ẹ bá ti pe orúkọ tán, ẹ tún un pè láìlo ọ̀rọ̀, kí ẹ wo ẹni tí yóò dìde.