Máàkì 280 Kò Tí ì Sọ Ọmọ Di Dókítà

Bí ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn bá gba 280 nínú ìdánwò JAMB ní Fìdítì tàbí Ìlọrà, wọn a pa adìẹ, wọn a sì máa pè é ní dókítà. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ ná. Nínú 400 ni 280 ti wá. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, 8 ni wọ́n fi ń pín in. Ó di 35. Ìdánwò kejì, èyí tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe (òun gan-an ni àwa olùkọ́ kì í sábà múra ọmọ sílẹ̀ fún), 2 ni wọ́n fi ń pín máàkì tirẹ̀. Bí ọmọ wa bá gba 60 níbẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65. Ẹnìkejì rẹ̀ tó gba 260, tó sì wá gba 76 nínú ìdánwò kejì, ní 70.5. Ẹni tí wọn kò pa adìẹ fún ni ó ṣáájú yẹn.